Ọ́ìlì lítà 4 lẹ́nu géètì Màmá: àkọsílẹ̀ iṣẹ́ kan ní Ilé-Ifẹ̀

Ìyá kan ló pè mí ní àárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta kan nínú oṣù kẹfà, láti ẹ̀gbẹ́ òpópó tó lọ sí Òǹdó ní Ilé-Ifẹ̀. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni. Kò mọ̀ mí rí. Ẹnì kan tí mo bá tẹ́ íńtálọ́ọ̀kì ló fún un ní nọ́ńbà mi. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ̀yin lẹ máa ń fọ ilẹ̀ tí epo bá dà sí? Ọ́ìlì mọ́tò ló dà sẹ́nu géètì mi. A ti fi omi fọ̀ ọ́, a ti fi bẹntiróòlù fọ̀ ọ́, a ti fi ásíìdì fọ̀ ọ́. Ṣe ló ń fẹ̀ sí i."

Ọ̀rọ̀ tó fi parí yẹn ni mo ń rò títí mo fi dé ibẹ̀. Ọ́ìlì tó dà sílẹ̀ kì í dédé fẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ kìíní. Bó bá ń fẹ̀, ọwọ́ èèyàn ló ń fẹ̀ ẹ́. Mo ń kọ èyí fún ẹ̀yin tí a jọ ń ṣe irú iṣẹ́ yìí, ẹ̀yin bíríkìlà, ẹ̀yin tí ẹ ń tẹ́ íńtálọ́ọ̀kì, ẹ̀yin tí ẹ ń fọ ilé àti ọgbà, torí pé nínú iṣẹ́ kan ṣoṣo yìí ni mo ti bá ọ̀pọ̀ àṣìṣe tí àwọn èèyàn máa ń ṣe, mo sì fi tèmi kún un.

Ibi tí ilẹ̀ ti dà gẹ̀rẹ́ ni ilé náà wà. Láti ibi tí mọ́tò ń dúró sí dé ẹnu géètì, ìsàlẹ̀ ni ilẹ̀ ń lọ díẹ̀díẹ̀. Apá òkè jẹ́ kọnkéré tó ti pẹ́, tí ojú rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í hó níbìkan níbìkan. Apá ìsàlẹ̀, nǹkan bíi mítà 3 sí géètì, jẹ́ íńtálọ́ọ̀kì pupa. Ìta géètì ni gọ́tà wà, gọ́tà ilẹ̀ lásán tí wọn ò fi sìmẹ́ǹtì rẹ́. Gọ́tà náà gba ẹ̀gbẹ́ ògiri ilé kejì kọjá, kànga ilé kejì ò sì jìnnà sí ògiri yẹn. Mo fi ẹsẹ̀ wọ̀n ọ́n: ìṣísẹ̀ 14 ni láti gọ́tà dé ẹnu kànga.

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ ni pé mẹkáníìkì wá pààrọ̀ ọ́ìlì mọ́tò Màmá nílé lọ́jọ́ Ajé. Ó tú nọ́ọ̀tì ìdí ẹ́ńjìnnì, ó gbe ọ́ìlì dúdú sínú kẹ́ẹ̀gì tí wọ́n gé, ó dì í padà, ó da tuntun sí i, ó bá tirẹ̀ lọ. Wásà abẹ́ nọ́ọ̀tì yẹn ti jẹ, nọ́ọ̀tì fúnra rẹ̀ ò sì wọlé tán. Kí ilẹ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó mọ́, ọ́ìlì tuntun tó tó lítà 4 ti kán sílẹ̀. Ọpẹ́lọpẹ́ ọmọ ọmọ Màmá tó rí i kí ẹnikẹ́ni tó sítáàtì ọkọ̀ náà, ẹ́ńjìnnì ì bá ti nọ́kì.

Ọmọ náà sọ fún mi pé nígbà tí òun rí i, ó ń dán lójú ilẹ̀ bí oyin. Àsìkò yẹn ni iṣẹ́ rọrùn jù. Ká ní wọ́n bu ìyẹ̀ pákó lé e, èyí tí à ń rí kó níbi tí wọ́n ti ń la gẹdú, tàbí yẹ̀pẹ̀ gbígbẹ, tàbí sìmẹ́ǹtì àṣẹ́kù ìdí àpò pàápàá, kí wọ́n fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, kí wọ́n fi sílẹ̀ fún wákàtí díẹ̀, èyí tó pọ̀ jù nínú ọ́ìlì náà ni ì bá bá ìgbálẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ohun tó bá ti dọ̀tí, omi la mọ̀ fún un. Ọmọ náà da omi sí i, ó bu ọṣẹ lé e, ó sì ń gbá a lọ sẹ́nu géètì. Ọ́ìlì fúyẹ́ ju omi lọ, orí omi ló ń léfòó sí, ibi tí omi bá sì gbé e dé ló ń dúró sí bí omi bá gbẹ. Ohun tí kò fẹ̀ ju ẹní kan lọ lórí kọnkéré ló sọ̀kalẹ̀ wọ àárín íńtálọ́ọ̀kì, tó sì rọra yọ sí gọ́tà.

Ní Ọjọ́rú, aládùúgbò kan tó jẹ́ dírẹ́bà ní kí wọ́n jẹ́ kí òun bá wọn ṣe é. Bẹntiróòlù ló gbé wá. Kì í ṣe pé kò mọ nǹkan kan. Bẹntiróòlù máa ń tú ọ́ìlì lóòótọ́, òun náà sì ni àwọn mẹkáníìkì fi ń fọ irin. Ṣùgbọ́n irin ò ní ihò lára. Kọnkéré ní in, ihò wínníwínní tí ojú ò rí, bíi ti kànìnkànìn. Ọ́ìlì tó ki kì í tètè ráyè wọ ihò wọ̀nyẹn. Bí bẹntiróòlù bá ti là á tán, á ṣàn wọ̀ ọ́ fínnífínní, bẹntiróòlù á gbẹ sínú afẹ́fẹ́, ọ́ìlì á kù sí ìsàlẹ̀ níbi tí búrọ́ọ̀ṣì ò lè dé mọ́. Ohun tó tún bà mí lẹ́rù nígbà tí wọ́n ń ròyìn ni pé jẹnẹrétọ̀ ń ṣiṣẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé lásìkò náà. Oru bẹntiróòlù wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ilẹ̀ ló ń rọra gbà lọ títí á fi bá iná pàdé. Ọlọ́run ló yọ wọ́n.

Lọ́jọ́ Ẹtì ni wọ́n ra ásíìdì tí wọ́n fi ń fọ táìlì. Sìmẹ́ǹtì ni ásíìdì yẹn ń jẹ, kì í jẹ ọ́ìlì. Ibi tí ọ́ìlì ti bo sìmẹ́ǹtì, kò rí nǹkan jẹ níbẹ̀. Ibi tó mọ́ ló hó yàà, tó jẹ. Nígbà tí mo débẹ̀, àbààwọ́n dúdú náà wà láàárín, ilẹ̀ tó yí i ká sì ti funfun, ó ti rí ṣákaṣàka, yanrìn inú kọnkéré ti yọ síta. Èyí túmọ̀ sí pé wọ́n tún ṣí ihò tuntun sílẹ̀ fún ọ́ìlì. Nígbà tí wọ́n rí i pé ásíìdì ò ràn án, ẹnì kan bá da bílíìṣì lé e lórí. Màmá ní, "Ojú gbogbo wa ń ta, ọ̀fun wa ń gbóná, ọmọ yìí ń wúkọ́ bí ẹni tí nǹkan há sí lọ́fun. A sá jáde." Gáàsì kóloríìnì ló jáde níbẹ̀. Ásíìdì àti bílíìṣì ò gbọdọ̀ pàdé níbikíbi, pàápàá nínú ilé ìwẹ̀ tí fèrèsé rẹ̀ kéré. Ó ń pa èèyàn. Bí ẹ bá ní ọmọ iṣẹ́ tuntun, ọjọ́ tó bá kọ́kọ́ dé ni kí ẹ ti sọ ọ́ fún un.

Ibi tí nǹkan dé nìyẹn nígbà tí èmi àti ọmọ iṣẹ́ mi wọlé. Kí n tó gbé ohunkóhun jáde, mo bi Màmá bóyá ọkọ̀ náà ṣì ń jò. Ó ní mẹkáníìkì ti wá dì í le. Mo ya páálí kan, mo tẹ́ ẹ sábẹ́ ẹ́ńjìnnì, mo ní kí ó wà níbẹ̀ di ọjọ́ kejì.

Lẹ́yìn náà ni mo ní kí ọmọ iṣẹ́ mi bu omi sínú ife, kó máa wọ́n ọn díẹ̀díẹ̀ láti ibi ògiri lọ sí àárín. Níbi tí kọnkéré ti mọ́, omi ń wọlé lójú ẹsẹ̀, ojú ibẹ̀ á ṣú. Níbi tí ọ́ìlì wà, omi ò wọlé. Ó ń ká jọ, ó ń yí gbirigbiri bí ìrì orí ewé kókò. Mo fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà yí gbogbo ibi tí omi ti ń yí ká. Nígbà tí mo ṣe tán, ibi tí mo fa ìlà yí tó ìlọ́po méjì ibi tí ojú ń rí. Màmá dúró lórí àtẹ̀gùn, ó ń wò ó, ó ní, "Ṣé gbogbo eléyìí?" Mo ní, "Gbogbo ẹ̀ ni, mà."

Àṣìṣe tèmi ló kàn báyìí.

Lọ́dún tó ṣáájú, a fọ ilẹ̀ bùkà kan ní Lágere tí epo pupa ti rin láti ọdún gbọọrọ. Sódà la fi fọ̀ ọ́, ó sì mọ́ tónítóní. Láti ìgbà náà ni sódà ti di ohun tí mo gbẹ́kẹ̀ lé. Ibi tí wọ́n bá ti ní epo dà sí, òun ni mo ń gbé lọ. Òun náà ni mo gbé lọ sílé Màmá. A wọ ìbọ̀wọ́ gígùn, a po ó sínú garawa, a dà á sí ìdajì ibi tí mo fi ṣọ́ọ̀kì yí, a fi búrọ́ọ̀ṣì líle gbo ó, a fi sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 40. Omi tó yọ jáde dúdú díẹ̀, mo ní ó ti ń jẹ. Nígbà tí mo tún wọ́n omi sí i, omi yí gbirigbiri bíi ti àkọ́kọ́.

Mo ní kí ọmọ iṣẹ́ mi po ìkejì. Màmá, tó ti jókòó sórí àga ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ látàárọ̀, tó sì ti fi "ìwọ" rọ́pò "ẹ̀yin" fún mi nígbà yẹn, ló pè mí.

"Ọmọ mi, kí lo dà sí i?"

"Sódà ni, Màmá."

"Sódà." Ó ronú díẹ̀. "Ìyá mi ń se ọṣẹ dúdú. Eérú èèpo kòkó ló máa ń lò. Bí epo pupa bá wà, á fi se é. Bó jẹ́ àdín, á fi se é. Gbogbo ẹ̀ ló ń di ọṣẹ. Mi ò rí i kó fi ọ́ìlì mọ́tò se ọṣẹ rí o. Ṣé ìyẹn náà ń di ọṣẹ?"

Mi ò rí èsì fọ̀. Ó ní kí ọmọ ọmọ òun mú agolo mílíìkì méjì wá. A bu ṣíbí epo pupa kan láti ilé ìdáná sínú ọ̀kan, a bu ṣíbí ọ́ìlì mọ́tò kan sínú èkejì. Mo da omi sódà tó ṣì gbóná sí méjèèjì, mo fi igi rò wọ́n. Kò pẹ́ tí ti epo pupa fi ń ki. Àwọ̀ rẹ̀ ṣí, ó di bí ọ̀sàn tó ti ń pọ́n, igi sì ń wúwo lọ́wọ́ mi. Nínú agolo kejì, bí mo bá ń rò ó, á dà bíi pé ó fẹ́ pò. Bí mo bá ti yọ igi, ọ́ìlì á ya ara rẹ̀ sọ́tọ̀, á padà sókè, á máa wò mí.

Ohun tó wà nídìí ọ̀rọ̀ náà nìyẹn. Epo pupa, àdín, òróró ẹ̀pà, ọ̀rá ẹran, ọ̀rá ni gbogbo wọn. Bí sódà tàbí omi eérú bá kàn wọ́n, á tú ọ̀rá náà, á sọ ọ́ di ọṣẹ, ọṣẹ tó bá sì dé inú ihò ilẹ̀ á bá omi jáde. Ọ́ìlì mọ́tò ò ní ọ̀rá nínú. Epo rọ̀bì tí wọ́n wà látinú ilẹ̀ ni wọ́n fi ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Sódà ò rí nǹkan dì mú lára rẹ̀. Ẹnu wa ló ń tàn wá, torí "epo" la ń pe gbogbo wọn: epo pupa, epo bẹntiróòlù, epo mọ́tò. Ilẹ̀ tí wọ́n dà sí náà ń yọ̀ bákan náà. Mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí fún ọ̀pọ̀ ọdún kí ọmọ ọlọ́ṣẹ tó fi agolo méjì là mí lójú, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ níṣojú ọmọ iṣẹ́ mi.

A ṣì ń fi ìyẹ̀ pákó gbá omi sódà yẹn jọ nígbà tí ojú ọ̀run ṣú. Ẹni tó bá mọ òjò oṣù kẹfà ní Ifẹ̀ mọ̀ pé kì í fúnni láyè. Mo wo ilẹ̀, mo wo gọ́tà, kànga ilé kejì sì wá sí mi lọ́kàn. Ọ̀nà kan ṣoṣo ni omi òjò máa gbà, ọ̀nà náà ni ọ́ìlì tó wà láàárín íńtálọ́ọ̀kì máa bá a lọ.

Bí a bá dí gọ́tà pa, omi á kún, á bo ọ̀nà, á sì gba orí ohun tí a fi dí i kọjá pẹ̀lú ọ́ìlì. Ohun tí a nílò ni kí omi máa kọjá, kí ọ́ìlì dúró. Àpò ìrẹsì mẹ́rin la rọ yanrìn sí, a tò wọ́n sínú gọ́tà ní ìsàlẹ̀ géètì. Kí a tó to wọn tán, mo ti gba páípù omi kan tó gùn tó apá lọ́wọ́ ọmọ Màmá, mo tẹ́ ẹ sáàárín àpò. Ẹnu tó kọjú sí òkè, a rì í mọ́ ìsàlẹ̀ gọ́tà. Ẹnu tó kọjú sí ìsàlẹ̀, a gbé e ga díẹ̀. Bí omi bá kún lẹ́yìn àpò, ìsàlẹ̀ omi ni páípù á ti máa fà á, torí náà omi nìkan ló ń rí ọ̀nà lọ. Ọ́ìlì, tó wà lókè, á dúró síbẹ̀. A tún di ìyẹ̀ pákó sínú àpò tó fẹ́lẹ́, a dè é gígùn bí ìrọ̀rí, a gbé e lé orí omi kó lè máa fa ọ́ìlì mu.

Òjò náà rọ̀ tó wákàtí kan. A dúró nínú rẹ̀. Níbẹ̀rẹ̀, omi tó dé ibi àpò mọ́. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú bíi mẹ́wàá ni òṣùmàrè yọ lójú omi, àwọ̀ àyìnrín, pupa, olómi wúrà, ó ń na ara rẹ̀ láti géètì bọ̀, tinrín bí ìwérí aṣọ àtijọ́. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ọ́ìlì gan-an tẹ̀ lé e, ó ń wá ní ìṣù kéékèèké. Ọmọ iṣẹ́ mi ń fi ìgbakọ bù ú sínú kẹ́ẹ̀gì, èmi ń ti ìrọ̀rí ìyẹ̀ pákó lọ, mò ń tì í bọ̀. Omi tó ń jáde lẹ́nu páípù ní ìsàlẹ̀ ò ní òṣùmàrè. Àkókò kan wà tí òjò náà le, tí omi gorí àpò fún bí ìṣẹ́jú márùn-ún. Ohun tó bá omi lọ lásìkò yẹn, a ò rí i mú.

Bàbá ilé kejì ti jáde pẹ̀lú agbòòrùn. Ó bi wá ohun tí à ń ṣe nínú òjò, mo sì ṣàlàyé. Ó ní, "Ọ́ìlì tí ò ju kẹ́ẹ̀gì kékeré kan lọ? Kí ló lè fi kànga ṣe?" Mo sọ ohun tí àjọ EPA, tó ń mójú tó àyíká ní Amẹ́ríkà, máa ń sọ fún un: ọ́ìlì àlòkù tí wọ́n gbe látinú mọ́tò kan lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lè ba mílíọ̀nù 1 gálọ́ọ̀nù omi jẹ́. Tuntun lèyí, kò ní ìdọ̀tí irin inú ẹ́ńjìnnì púpọ̀ bíi ti àlòkù, ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun mímu. A fa omi kànga náà sókè, a dà á sínú abọ́ funfun, a gbé e sí ìmọ́lẹ̀. Kò ní àwọ̀, kò rùn. Síbẹ̀ mo bẹ Bàbá pé kí wọ́n má mu ún, kí wọ́n má fi sebẹ̀, títí wọ́n á fi gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń yẹ omi wò, torí ohun tó bá gba inú ilẹ̀ kì í dé lọ́jọ́ kan náà. Mo tún sọ pé síse omi lórí iná kì í lé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ jáde. Bàbá gbà. Mo rò pé dídúró tí a dúró nínú òjò ló jẹ́ kí ó gbà.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Àìkú, páálí abẹ́ ọkọ̀ ní ẹ̀kán méjì lára, yíká bí kọ́bọ̀. Nọ́ọ̀tì náà ṣì ń jò. Màmá pe mẹkáníìkì padà, ó wá, kò sì jiyàn nígbà tó rí páálí. Ó ra wásà tuntun àti nọ́ọ̀tì tuntun. Páálí ọjọ́ kejì gbẹ. Ká ní a ò tẹ́ páálí, à bá ti fọ ilẹ̀ tán ká tó mọ̀.

Láti ọjọ́ Ajé ni iṣẹ́ gan-an bẹ̀rẹ̀. Ohun tó ti wọ inú ihò kọnkéré, fífọ ò lè mú un jáde; fífà ló kù. Ohun tí a fẹ́ fi fà á gbọ́dọ̀ kúnná ju ihò kọnkéré lọ kó lè máa mu lára rẹ̀. Mo lọ sí ọjà Odò Ògbè, mo ra ẹfun, ẹfun kan náà tí àwọn aboyún ń jẹ, tí wọ́n fi ń kùn ojúbọ Ọbàtálá. A gún un, a kù ú. A fi tínà tí àwọn akunlé fi ń po ọ̀dà pò ó títí ó fi ki bí ògì tó ti sílẹ̀ nínú ìkòkò. Tínà ni yóò tú ọ́ìlì nínú ihò. Bí tínà bá sì ti ń gbẹ lọ sókè, á máa gbé ọ́ìlì bọ̀ wá bá ẹfun. Ìyàtọ̀ òun àti ti dírẹ́bà ọjọ́rú ni pé ohun kan wà lókè tó ń dúró de ọ́ìlì.

Tínà ń gbaná bíi bẹntiróòlù, torí náà a pa jẹnẹrétọ̀, a sọ fún ará ilé kí wọ́n má dáná níta, a wọ ìbọ̀wọ́ àti ìbòmú, ìwọ̀nba tí a nílò la pò. A tẹ́ ẹfun náà nípọn tó orí ìka ọwọ́, ó kọjá ìlà ṣọ́ọ̀kì díẹ̀ níbi gbogbo. A fi ọ̀rá bò ó, a fi òkúta tẹ etí rẹ̀ mọ́lẹ̀, a fi sílẹ̀ fún wákàtí 24. Lọ́jọ́ kejì a ká ọ̀rá kúrò, a jẹ́ kó gbẹ tán kó tó di pé a gbá a. Bí òjò bá fẹ́ rọ̀, a máa da ọ̀rá padà bò ó.

Ẹfun tó wọlé ní funfun báláú jáde bí èlùbọ́. Nígbà tí mo bu ú sọ́wọ́ tí mo fún un, ó yọ̀. A tẹ́ ìkejì. Ìyẹn jáde bíi gàrí tí epo rẹ̀ ò pọ̀. Ìkẹta fẹ́rẹ̀ẹ́ funfun bó ṣe wọlé, mo sì dá a dúró níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí àwọ̀ ẹfun sọ fún yín ìgbà tó tó, kì í ṣe iye ọjọ́ tí ẹ bá oníbàárà sọ. Lẹ́yìn náà ni a wá fi omi gbígbóná àti ọṣẹ ìfọbọ́ gbo ó, tí a sì fi ìyẹ̀ pákó mu omi rẹ̀ dípò ká ṣàn án sí gọ́tà. Ibi tí mo ti da sódà sí tẹ́lẹ̀ ló gba ẹfun pẹ́ jù, ojú rẹ̀ sì rí ṣákaṣàka títí dòní.

Ti íńtálọ́ọ̀kì yàtọ̀. Kò sí ìwúlò kankan nínú kí èèyàn máa gbo orí rẹ̀ nígbà tí ọ́ìlì ti gba àárín rẹ̀ wọ yanrìn abẹ́. A yọ òkúta 62. Òórùn tó jáde nínú yanrìn náà nìkan tó ẹ̀rí. Bí a ṣe mọ ibi tó yẹ ká wa yanrìn dé ni pé mo ń bu ẹ̀kúnwọ́ kan lé ìwé ìròyìn, mo ń ká a, mo ń tẹ̀ ẹ́. Bí ìwé bá rin bí èyí tí wọ́n fi di àkàrà, a ṣì ní láti wa. Ibi tí ìwé ti gbẹ la dúró. Apá òkè, nítòsí kọnkéré, la ti wa jìn jù, ó tó ìgbọ̀nwọ́ kan. Ní ẹnu géètì, ìwọ̀n ọwọ́ mẹ́rin péré ni.

Ọmọ iṣẹ́ mi ní ká dojú òkúta dé, ká fi ìdí rẹ̀ sókè. Ó bọ́gbọ́n mu bó bá jẹ́ òkúta tí àwọ̀ rẹ̀ dé inú. Ti Màmá jẹ́ èyí tí wọ́n da pupa sí orí nìkan, ìdí rẹ̀ jẹ́ eérú. A wá lọ ká irú òkúta kan náà lẹ́yìn ilé ìdáná, níbi tí ẹnikẹ́ni ò ti ń rí i, a tẹ́ ẹ sẹ́nu géètì, a sì fi àwọn tó rin, lẹ́yìn tí a ti fi ẹfun fà wọ́n, dí ẹ̀yìn ilé ìdáná. Yanrìn tuntun la tẹ́ sábẹ́, a fi ìyẹ̀ òkúta gbá àárín.

Yanrìn tó rin, ìyẹ̀ pákó àti ẹfun àlòkù kún àpò 11. Inú gọ́tà tàbí ààtàn etí odò ni irú rẹ̀ máa ń parí sí, ìyẹn ò sì yàtọ̀ sí pé a kàn gbé ìṣòro Màmá lọ fún ẹlòmíràn. A kó o lọ sórí ilẹ̀ tiwa lẹ́yìn ìlú, tí kò sí kànga tàbí odò nítòsí, a tẹ́ ọ̀rá nínípọn sábẹ́ rẹ̀, a po ìgbẹ́ adìyẹ mọ́ ọn, a ń wọ́n omi sí i, a sì ń fi ṣọ́bìrì yí i lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, a tún ń bò ó bí òjò bá ń bọ̀. Àwọn kòkòrò tí ojú ò rí tó wà nínú ilẹ̀ máa ń jẹ ọ́ìlì, bí wọ́n bá rí afẹ́fẹ́, ọ̀rinrin àti oúnjẹ tó wà nínú ìgbẹ́ adìyẹ. Kì í yá. Títí di oṣù kẹwàá, òórùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀ gan-an, ṣùgbọ́n mi ò tíì gbin nǹkan kan sí i, mi ò sì ní gbìn ín láìpẹ́. Ọ́ìlì tí a bù nínú òjò, káfíńtà kan gbà á, ó fi ń kun pákó òrùlé nítorí ikán.

Mo padà lọ síbẹ̀ nínú oṣù kẹsàn-án. Bí ilẹ̀ bá gbẹ, àlejò ò lè mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀ rí, àyàfi ojú ṣákaṣàka tí ásíìdì àti sódà fi sílẹ̀. Bí òjò bá rọ̀, ibì kan wà tó tó ìwọ̀n àtẹ kan, tí omi ṣì ń pẹ́ kó tó wọlé. Mo ti sọ fún Màmá lọ́jọ́ Ajé, kí n tó dá iye owó, pé ibẹ̀ ò ní rí bíi tuntun. Ẹ máa sọ ọ́ ṣáájú. Oníbàárà tó bá gbọ́ ọ lẹ́yìn iṣẹ́, àwáwí ni yóò pè é.

Ìbéèrè méjì ni mo ń béèrè lórí fóònù báyìí kí n tó béèrè àdírẹ́ẹ̀sì: irú epo wo ni, àti níbo ni omi ilé yín ń ṣàn gbà? Bó bá jẹ́ pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dà ni, mo ń ní kí wọ́n má fọwọ́ kan omi, kí wọ́n bu ohun gbígbẹ lé e, kí wọ́n dúró dè mí. Àpò ìyẹ̀ pákó méjì, páálí àti ife kan kì í kúrò nínú ọkọ̀ wa mọ́. Sódà ṣì wà níbẹ̀, fún ilé olóúnjẹ nìkan.

Wọ́n yẹ omi kànga ilé kejì wò lẹ́ẹ̀mejì, wọn ò rí ọ́ìlì nínú rẹ̀, wọ́n sì ti padà ń mu ún. Ọjọ́ tí mo lọ yẹn, Bàbá mú mi wọlé láti fi páípù ọjọ́ òjò náà hàn mí. Ó ti fọ̀ ọ́, ó fi okùn so ó mọ́ ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga, àpò ìrẹsì mẹ́rin wà ní kíká nísàlẹ̀ rẹ̀.